Dísìkì kan, kọ̀ǹpútà mẹ́fà: bí mo ṣe pín server ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú

Ṣọ́ọ̀bù yìí wà ní apá Bajulaiye, níbi tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá na ọwọ́ lásán ẹ máa kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mi ò kí ń ṣe òṣìṣẹ́ wọn o, èmi ni mo kàn ń bá wọn mójú tó kọ̀ǹpútà, tí nǹkan bá ti dáṣẹ́ sílẹ̀ Àlàájà tó ni ṣọ́ọ̀bù á pè mí. Mò ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe lọ torí ṣọ́ọ̀bù tí irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí pọ̀ l'Ékòó, tí wọ́n á sì sáré lọ ra dísìkì ńlá, tó bá tún pẹ́ díẹ̀ òun náà á kún.

Ohun tó wà nílẹ̀: kọ̀ǹpútà tówà àtijọ́ kan ni wọ́n ń pè ní server, Core i5, RAM 8GB, Debian 12 tó jẹ́ oríṣi Linux, Samba ló fi ń pín fáìlì fún àwọn Windows. Dísìkì 4TB méjì wà nínú ẹ̀ tí wọ́n so pọ̀ ní RAID 1, ìyẹn ni pé ohun tí ọ̀kan bá kọ lèkejì ń kọ, torí náà 4TB lẹ ní lọ́wọ́, ẹ má kà á sí 8. 4TB yẹn gan-an, Linux á sọ fún yín pé 3.6T ni, torí ẹni tó ṣe dísìkì fi ẹgbẹ̀rún kà á, Linux sì ń fi 1024 kà á, ẹnikẹ́ni ò jí nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló ń jẹ nínú ẹ̀: mẹ́ta fún àwọn gíráfíìsì, ọ̀kan fún bọ̀ọ̀dá tó ń ṣe fótò, ọ̀kan fún RIP, ètò tó ń rán iṣẹ́ sí ẹ̀rọ flex tó ń tẹ bánà, ọ̀kan fún akọ̀wé.

1. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Bánà òkú ló tú àṣírí. 8 by 10 fíìtì ni, ẹ̀rọ flex tẹ̀ ẹ́ dé imú Mama olóògbé, ó dúró. Kò sí ìyókù ojú, kò sí orúkọ, àwọn ọmọ olóòkú sì ti jókòó síta. RIP yìí, kó tó tẹ nǹkan, á kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ di fáìlì mìíràn sínú fódà kan lórí server, ibẹ̀ lá ti máa kà á fún ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ̀ ọ́, ibi tí kò ti rí àyè kọ mọ́ ló ti dákẹ́. Ní àkókò kan náà ni ẹ̀gbọ́n tó ń lo Corel, ètò tí wọ́n fi ń ya iṣẹ́, tẹ séèfù lórí kàlẹ́ńdà ìjọ kan, Corel ní òun ò lè séèfù, nígbà tó fi máa ṣí fódà, fáìlì ti di 0 KB. Ohun tó yọ ọ́ ni Backup_of_ tí Corel máa ń dá ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Corel ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìgbà tí mo dé, wọ́n ti ń bá ara wọn jà. Oní-fótò ní àwọn oní-bánà ló ń kó nǹkan jọ, àwọn oní-bánà ní fótò ìgbéyàwó ló jẹ dísìkì tán. Mo tẹ df -h, àṣẹ tó ń sọ àyè tó kù lórí dísìkì, 100%, Avail 0. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn ṣá.

2. Ta ló jẹ ẹ́

    du -xh --max-depth=1 /srv/press | sort -h

Ẹ ní sùúrù fún àṣẹ yẹn, ó pẹ́, torí ó ń ka fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó jáde: bánà bíi 1.5T, fótò bíi 1T, fódà RIP 450G, ìwé àti kàlẹ́ńdà 290G, fódà kan tí wọ́n pe orúkọ ẹ̀ ní Temp 180G. Nínú Temp yẹn mo bá fíìmù, mo bá fúuji, mo bá fáìlì ìdáǹwò ọmọ ẹnì kan, mi ò bèèrè ẹni tó ni ín.

Fódà RIP ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti lọ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ tán, tí kọ́sítọ́mà ti gbé lọ tipẹ́, ó ṣì wà níbẹ̀, RIP ò pa á rẹ́ torí wọn ò sọ fún un pé kó máa pa á.

Àmọ́ bánà ni bàbá ìsàlẹ̀. Mo ṣí ọ̀kan wò, 8 by 10, 300 dpi, ìyẹn píksẹ́lì 300 nínú íńṣì kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀: íńṣì 96 lọ́nà 300 jẹ́ 28,800, íńṣì 120 lọ́nà 300 jẹ́ 36,000, CMYK, àwọ̀ íǹkì mẹ́rin, jẹ́ báìtì mẹ́rin fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ó lé ní 4.1GB kẹ́ ẹ tó fi léyà kejì kún un. Photoshop gan-an ò gbà kí PSD, irú fáìlì tiẹ̀, kọjá píksẹ́lì 30,000 lápá kan, tàbí 2GB, torí náà PSB, ti fáìlì ńlá, ni wọ́n ń séèfù ẹ̀ sí, wọ́n rò pé Photoshop kàn ń ṣakọ ni. Bánà kan náà ní 72 dpi, 6,912 lọ́nà 8,640, kò ju bíi 239MB lọ, ní 100 dpi kò tó 500MB. Ẹni tó wà nínú dánfó lórí Ìkòròdú Road ò lè mọ èwo ni 300 èwo ni 100, ìbáà wọ dígí méjì.

3. Ìtọ́jú pàjáwìrì

Kí iṣẹ́ lè máa lọ ní ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ṣe èyí, ẹ má pè é ní àtúnṣe. Ext4, ètò tí Linux fi ń to fáìlì sórí dísìkì, máa ń fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún pamọ́ fún root, ìyẹn ọ̀gá kọ̀ǹpútà, lórí 4TB ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 186G tó kàn jókòó. Mo dín in kù sí ìdá 1:

    tune2fs -m 1 /dev/md0

Bíi 149G jáde lójú ẹsẹ̀, àwọn èèyàn ń pariwo "ó ti ṣe!" Mo ní kí wọ́n rọra. Lẹ́yìn náà mo wọ fódà RIP láti orí server, mo fi rm pa àwọn tó ti pẹ́ rẹ́, ó yẹ kí bíi 400G padà wá, àmọ́ df ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Tó bá ṣe yín báyìí, ẹ má tún dísìkì fọ́máàtì o. Fáìlì tí nǹkan kan bá ṣì di mú, tẹ́ ẹ bá rm ẹ̀, orúkọ ẹ̀ ló lọ, ara ẹ̀ ṣì wà lórí dísìkì títí ẹni tó dì í mú á fi sílẹ̀.

    lsof +L1

Àṣẹ yẹn ń fi fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́ àmọ́ tí nǹkan kan ṣì dì mú hàn. Ó gbé smbd, ìyẹn Samba fúnra ẹ̀, jáde, ní ìlà tó pọ̀, RIP ló ṣí gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n pa RIP, kí wọ́n tún un ṣí, df sì fò sókè. Wọ́n tún bánà òkú yẹn tẹ̀, ní 100 dpi lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọmọ olóòkú gbé e lọ, wọn ò sọ nǹkan kan.

4. Èyí tí kò ṣiṣẹ́

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni kí n fún oníkálukú ní ìpín tiẹ̀, kí Linux máa ṣọ́ ọ, ìyẹn quota tó ń tẹ̀ lé orúkọ ẹni tó ni fáìlì. Mo ṣètò ẹ̀ tán, mo tẹ repquota tó ń sọ iye tí oníkálukú ti jẹ, orúkọ kan ṣoṣo ló jẹ gbogbo 3T: press. Ẹni tó ṣe Samba wọn ṣáájú mi fi force user = press sí i, torí náà ẹnikẹ́ni tó bá kọ fáìlì, lójú Linux press náà ló kọ ọ́. Ìpín olórúkọ ò lè ṣiṣẹ́ níbi tí gbogbo ayé ń jẹ́ orúkọ kan.

Mo wá ní kí n ṣí orúkọ fún oníkálukú pẹ̀lú password. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ìyẹn náà ò ní dọ́gba. Àwọn gíráfíìsì yìí, kọ̀ǹpútà tó bá ṣófo ni wọ́n ń jókòó sí, tẹ́nì kan bá lọ jẹun ẹlòmíì á gba ipò ẹ̀, àwọn password sì ti wà lára ojú kọ̀ǹpútà lórí bébà, wọ́n fi sẹ́lótépù lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bí bánà ẹnì kan bá wá kún orúkọ ẹlòmíì, ìjà tí mo fẹ́ parí ló máa gbèrú sí i.

Ni mo bá yí i padà: ibi tí fáìlì wà ni mo máa wọ̀n, ẹni tó kọ ọ́ ò kàn mí. Bánà ní ìpín tiẹ̀, fótò ní tiẹ̀, ẹnikẹ́ni ì báà jókòó sí ibikíbi. Ext4 ní èyí, project quota ni wọ́n ń pè é, ó ti wà láti kernel 4.5, ìyẹn ọkàn Linux, ní 2016.

5. Pípín ín gan-an

Ọjọ́ Àìkú ni mo ṣe é torí dísìkì ní láti sọ̀ kalẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sẹ́ni tó ń lò ó. Ẹ rí i pé backup wà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ibí yìí. Ẹ tún gba iná dájú, mi ò fọkàn tán NEPA, ínfátà ni mo fi server sí.

    systemctl stop smbd
    umount /srv/press
    e2fsck -f /dev/md0
    tune2fs -O project -Q prjquota /dev/md0

e2fsck ló gba àsìkò jù, mo lọ jẹ ẹ̀wà àgọ̀nyìn mo padà ó ṣì ń lọ. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sínú /etc/fstab, ẹ fi prjquota kún àwọn ohun tó wà níwájú /srv/press, kẹ́ ẹ mount ẹ̀ padà. Ẹ ṣí /etc/projid, ẹ fún fódà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà:

    bana:101
    foto:102
    iwe:103
    rip:104
    temp:105

Ẹ wá lẹ nọ́ńbà mọ́ fódà lára:

    chattr -R -p 101 /srv/press/bana
    find /srv/press/bana -type d -exec chattr +P {} +

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún márààrún. -R yẹn ṣe pàtàkì, òun ló ń lẹ nọ́ńbà mọ́ àwọn fáìlì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láìsí i, èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ nìkan ni wọ́n máa kà, ẹ máa rí 4K níwájú fódà tó tó 1.5T, ẹ máa rò pé ayé ti dùn. P ńlá ló ń jẹ́ kí fáìlì tuntun jogún nọ́ńbà fódà tó bọ́ sí.

Ó wá kan ìwọ̀n:

    setquota -P bana 1500G 1600G 0 0 /srv/press
    setquota -P foto 1000G 1100G 0 0 /srv/press
    setquota -P iwe 350G 400G 0 0 /srv/press
    setquota -P rip 150G 200G 0 0 /srv/press
    setquota -P temp 30G 40G 0 0 /srv/press

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ààlà rírọ̀, wọ́n lè kọjá ẹ̀ fún ọjọ́ méje, tó bá pé ọjọ́ méje tí wọn ò dín in kù, kọ̀ǹpútà ò ní gba nǹkan kan mọ́. Èkejì ni ààlà líle, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Odo méjì yẹn, iye fáìlì ni wọ́n wà fún, mo jẹ́ kó ṣí sílẹ̀.

Ẹ ro àwọn ààlà líle pọ̀: 3,340G. Dísìkì ju ìyẹn lọ ní nǹkan bíi 290G, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Àwọn kan máa ń pín ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ torí wọ́n rò pé gbogbo èèyàn ò ní jẹ ìpín wọn tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Ṣómólú? Ẹ jẹ́ kí oṣù November dé, kí iṣẹ́ kàlẹ́ńdà, bánà carol àti fótò ìgbéyàwó December jọ wọlé. Tí ìpín bá ju dísìkì lọ, ẹ ò tíì pín nǹkan kan.

Ohun kan tó dùn mọ́ mi nínú èyí: tí share Samba, ìyẹn ohun tó ń pín fún àwọn Windows, bá bẹ̀rẹ̀ láti inú fódà tó ní ìpín, Windows á rí ìpín yẹn bíi pé òun ni gbogbo dísìkì. Oní-fótò ṣí This PC, ó rí 1000G níbi tó ti ń rí 3.6T tẹ́lẹ̀, ó ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gé dísìkì wa!" Mo ní mi ò gé e, tìẹ nìkan lò ń rí báyìí.

6. Ibi tí páńpẹ́ wà

Tẹ́lẹ̀, share kan ṣoṣo ló wà, fódà márààrún wà nínú ẹ̀, ibi ìdàlẹ̀nù kan wà nínú Temp tí Samba ń kó ohun tí wọ́n bá dílíìtì sí, recycle ni wọ́n ń pe module ẹ̀. Lẹ́yìn tí mo pín in tán, mo dán an wò pẹ̀lú fáìlì tí kò ṣe pàtàkì, mo dílíìtì ẹ̀ láti orí Windows, mo lọ wò ó nínú ìdàlẹ̀nù, kò sí níbẹ̀. Ó ti lọ ráúráú. Ìdí ẹ̀ nìyí: Linux ò gbà kẹ́ ẹ kàn gbé fáìlì láti fódà nọ́ńbà kan bọ́ sí fódà tó ní nọ́ńbà mìíràn, á ní kẹ́ ẹ kọ́pì ẹ̀. Recycle ò sì ń kọ́pì, tí gbígbé ò bá ti ṣeé ṣe, á pa fáìlì náà rẹ́ ni. Orí wa ló yọ wá pé mo dán an wò kí wọ́n tó wọṣẹ́ ní Mọ́ńdè.

Ojútùú ẹ̀ ni pé mo fún fódà kọ̀ọ̀kan ní share tiẹ̀ àti ìdàlẹ̀nù tiẹ̀ nínú ara ẹ̀:

    [bana]
    path = /srv/press/bana
    read only = no
    guest ok = yes
    force user = press
    vfs objects = recycle
    recycle:repository = .recycle
    recycle:keeptree = yes
    recycle:touch_mtime = yes

Ẹ má fo ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn. Ìdọ̀tí ń jẹ nínú ìpín, torí náà mo ní kí server máa kó ohun tó bá ti lo ju ọjọ́ méje lọ nínú .recycle dànù ní àràárọ̀, find -mtime +7 ló ń ṣe é. Find ń wo ọjọ́ tí wọ́n yí fáìlì padà kẹ́yìn, kò mọ ọjọ́ tí wọ́n dílíìtì ẹ̀. Bánà tí wọ́n ṣe ní ọdún tó kọjá, tí wọ́n bá dílíìtì ẹ̀ lónìí, lọ́la find á ní ó ti gbó, á kó o dànù. touch_mtime ló ń jẹ́ kí ọjọ́ ẹ̀ di ọjọ́ tí wọ́n dílíìtì ẹ̀.

Find kan náà ni mo fi ń kó àwọn Backup_of_*.cdr tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọjọ́. Lẹ́yìn ohun tí mo rí lórí kàlẹ́ńdà ìjọ yẹn mi ò lè ní kí wọ́n pa á lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ ààlà rírọ̀ tún kù. Windows kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọ́n ti kọjá ẹ̀, ó kàn ń wò wọ́n níran títí ọjọ́ méje á fi pé. Email ò wúlò, wọn ò ní kà á. Mo kọ script kékeré kan tó ń ka repquota -P ní wákàtí-wákàtí, tí fódà bá ti dé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ààlà rírọ̀, á ju fáìlì òfìfo kan sókè fódà yẹn tó ń jẹ́ "000 ÀYÈ TI FẸ́Ẹ̀ TÁN Ẹ DÍN IṢẸ́ KÙ.txt". Òun lojú wọn máa kọ́kọ́ bá tí wọ́n bá ṣí fódà. Tí wọ́n bá dílíìtì ẹ̀ ó tún padà wá. Ẹnì kan ti ní kí n yí orúkọ ẹ̀ padà torí kọ́sítọ́mà máa ń rí i, mo ní kó dín iṣẹ́ kù.

7. Wáyà

Àyè ti yanjú, àmọ́ RIP ṣì ń ráhùn pé server ń fà. Mo fi iperf3 wọ̀n ọ́n láti kọ̀ǹpútà kan sí server, 94 Mbits/s. Nọ́ńbà yẹn, tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ mọ̀ pé nǹkan kan lójú ọ̀nà ń sáré 100 Mbit. Súwíìsì àtijọ́ ni. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà jọ ń gba ẹnu server tí kò lè gbé ju bíi 11MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, fáìlì 1GB á lo bíi ìṣẹ́jú kan àbọ̀, ìyẹn tí ẹlòmíì ò bá gbé nǹkan o.

Mo ra súwíìsì gigabit oníhò 8 ní Computer Village n'Íkẹjà, ₦32,000. Mo so ó, mo wọ̀n ọ́n, 940 Mbits/s lórí gbogbo wọn àyàfi kọ̀ǹpútà RIP, òun ṣì ń sọ 94, òun tó jẹ́ pé torí ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Mo gé orí wáyà ẹ̀, mo wò ó, okùn mẹ́rin péré ni wọ́n tẹ̀ wọ inú ẹ̀, wọ́n gé mẹ́rin tó kù sẹ́yìn. Okùn mẹ́rin tó fún 100 Mbit, gigabit ń lo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Wáyà Cat6 tuntun àti àwọn orí RJ45, ₦24,000 pẹ̀lú èyí tó ṣẹ́kù tí mo fi sílẹ̀ fún wọn. Ó di 940.

8. Backup tó ń bá èèyàn jà

Wọ́n ní dísìkì USB kan tí rsync ń kọ́pì nǹkan sí. Aago méjì òru ni wọ́n ṣètò ẹ̀ sí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú tí iná ń wà. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, aago méje alẹ́ wọ́n ti pa gbogbo nǹkan. Wọ́n wá fi Persistent=true sí timer ẹ̀, ìyẹn ni pé tó bá pàdánù aago ẹ̀, kó ṣe é ní gbàrà tí kọ̀ǹpútà bá tàn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ nìyẹn, gbogbo èèyàn ń ṣí iṣẹ́, rsync náà ń sáré, orí dísìkì ń lọ ń bọ̀ bí ọmọ tí ìyá méjì ń rán níṣẹ́. Dísìkì tó ń yí, tó bá jẹ́ káàkiri ló ń kà, ṣàṣà ni èyí tó lè ju ìgbà ọgọ́rùn-ún àti díẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, ẹ báà bú u.

Mo yọ Persistent, mo gbé e sí aago 1:15 ọ̀sán Mọ́ńdè sí Sátidé, ìgbà tí wọ́n ń lọ jẹun, Jímọ̀ ló tiẹ̀ dáa jù torí ìdajì wọn á ti lọ sí Jímọ̀. Mo dín eré rsync kù pẹ̀lú --bwlimit=25000, bíi 90GB ní wákàtí kan, ó pọ̀ tó fún ohun tó ń yí padà lójúmọ́. Mo tún fi í sí ionice -c3, kó máa dúró títí dísìkì á fi ṣófo. Ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan títí mo fi yí scheduler dísìkì méjèèjì, ohun tó ń to iṣẹ́ dísìkì, sí bfq:

    echo bfq > /sys/block/sda/queue/scheduler
    echo bfq > /sys/block/sdb/queue/scheduler

Sda àti sdb, dísìkì méjèèjì fúnra wọn ni o, ẹ má fi sí md0, ìyẹn RAID tó so wọ́n pọ̀. Kó má baà padà tí wọ́n bá tún kọ̀ǹpútà tàn, mo kọ ọ́ sínú udev.

Àmọ́ -c3 yẹn tún lágbára jù. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, dísìkì ò ṣófo, backup á kàn dúró bí ẹni tí wọ́n ní kó máa bọ̀ lọ́la, títí wọ́n á fi pa server. Mo yí i sí -c2 -n7, ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó sì ń dé ibi tó ń lọ.

9. Owó àti ohun tó kù

Owó tó jáde fún ohun èlò ò ju ₦56,000 lọ, súwíìsì àti wáyà. Iṣẹ́ ọwọ́, èmi àti Àlàájà la mọ̀ ọ́n. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ mo ti bèèrè iye dísìkì 8TB méjì fún un, ìdáhùn tó fún mi ò ṣeé kọ síbí.

Bó ṣe wà nígbà tí mo wò ó gbẹ̀yìn: bánà 1,120G, àwọn fúnra wọn ló ń yí iṣẹ́ àtijọ́ sí 100 dpi báyìí torí wọ́n ń rí àyè wọn. RIP ò kọjá 60G rí, a tẹ̀ ẹ́ nínú ètò ẹ̀ kó máa pa fáìlì rẹ́ lẹ́yìn tó bá tẹ̀ ẹ́ tán. Temp 38G nínú 40, fíìmù ṣì wà níbẹ̀. Fótò ló ń fún mi ní ìrònú, ó ti fọwọ́ kan 1000G, bọ̀ọ̀dá yẹn sì ní kí n gba 100G lọ́wọ́ bánà fún òun. setquota kan ṣoṣo ló máa gbà, mo ní kó lọ bá àwọn oní-bánà sọ ọ́ fúnra ẹ̀, tí wọ́n bá ti gbà kí wọ́n pè mí. Wọn ò tíì pè.

Dísìkì USB yẹn ṣì wà lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú server, mo ti ní kí Àlàájà máa gbé e lọ sílé ní alaalẹ́ Sátidé. Ó ní òun á rà á ní báàgì.